Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Wa Jọ Ṣeré Kí Wọ́n Tó Jọ Jogún

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa. A fi í ránṣẹ́ sórí gbogbo gúrúùpù nítorí àwọn tí kò ráàyè wá.)

Ẹ̀yin tí ẹ gba ọ̀nà Lekki wá, ẹ kú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ. Mi ò ní pẹ́ lórí ìdúró.

Nígbà Kérésì tó kọjá, àwọn ọmọkùnrin méjì gbá ara wọn mú níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò wa. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 15, èkejì ọmọ ọdún 16. Ọ̀kan ń gbé inú ẹ̀sítéètì, èkejì ń gbé agboolé. Èyí ń pe ìyẹn ní ajẹbọ́tà, ìyẹn ń pe èyí ní ọmọ onílẹ̀. Èmi ni mo là wọ́n. Nígbà tí mo wá bi wọ́n pé ọmọ ta ni wọ́n, ẹnu yà mí: ìyá tó bí bàbá èkíní àti ìyá tó bí bàbá èkejì, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n! Àwọn ọmọ ò sì mọra wọn rí.

Mi ò bá wọn wí. Àwa òbí ni mo bá wí. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ mọ bí ilẹ̀ ṣe dà ní Etí-Ọ̀sà báyìí. Lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ wọ̀nyí ló máa jókòó láti pín ohun tó bá kù. Ṣé ọjọ́ yẹn la fẹ́ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ ara wọn, níwájú lọ́yà?

Ohun tí mo mú wá kò le: ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ ṣeré. Kì í ṣe kí wọ́n jókòó síbì kan, kí kálukú máa tẹ fóònù tirẹ̀ o. Eré tí ẹnì kan ò lè dá ṣe ni mò ń wí.

Ẹ kọ́kọ́ mú wọn lọ sí Lekki Conservation Centre. Ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation ló dá a sílẹ̀ ní 1990, ó sì gbalẹ̀ tó hẹ́kítà 78. Ọ̀pọ̀ wa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ láì wọ ibẹ̀ rí. Afárá kan wà níbẹ̀ tó gba òkè igi kọjá, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401. Ó máa ń mì díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ pín àwọn ọmọ ní méjìméjì, ẹni tí ẹ̀rù ń bà pẹ̀lú ẹni tí ẹ̀rù ò bà, ọmọ ẹ̀sítéètì pẹ̀lú ọmọ agboolé. Òfin kan ṣoṣo ni: má fi ẹnì kejì rẹ sílẹ̀. Ọmọ tó bá sọ fún ẹ lókè yẹn pé "má wolẹ̀, èmi nìyí," o ò ní gbàgbé rẹ̀.

Èkejì ni ayò. Ilé 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nílé kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ọmọ méjì-méjì wà lápá kan, kí wọ́n má fọwọ́ kan ọpọ́n títí wọ́n á fi fẹnu kò. Ẹ máa rí bí wọ́n ṣe máa jiyàn, tí wọ́n á sì kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ra ẹni yé. Ẹ rántí Tunde Onakoya tó ta ṣẹ́ẹ̀sì fún wákàtí 60 ní New York ní April 2024. Kò dá a ṣe. Shawn Martinez ló jókòó tì í tí wọ́n jọ ta á dé òpin. Ká ní ọ̀kan dìde lọ, iṣẹ́ méjèèjì bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀kẹta, ẹ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lówó kan náà, kí wọ́n lọ ná ọjà Ajah, kí wọ́n sì se oúnjẹ tí gbogbo wa máa jẹ. Kí ọkùnrin náà gún ata o! Ẹni tí kò lè sáré lè mọ owó kà, ẹni tí kò mọ owó ná lè mọ iná dá.

Ẹ̀kẹrin, tó ká mi lára jù: kí wọ́n jọ lọ láti agboolé dé agboolé, kí wọ́n bi àwọn àgbà ní oríkì ilé, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó, àti àwọn tí ilé náà bá tan. Ẹgbẹ́ tó bá rí ìbátan tó pọ̀ jù láàárín ara wọn ló gbégbá orókè.

Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n fa okùn létí òkun, ó dáa, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má lọ́ okùn mọ́ ọwọ́, nítorí ó lè gé ìka. Kí wọ́n má sì wọ inú omi rárá. Òkun wa níbí kì í ṣe ti ìwẹ̀, ìgbì rẹ̀ máa ń fa èèyàn lọ. Kí àgbàlagbà wà níbẹ̀, kí a sì máa ka orí wọn.

Ẹ̀bùn ńkọ́? Ẹ má fún ẹnì kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ ni kẹ́ ẹ fún.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé: nínú ọlidé gígùn tó ń bọ̀, ẹ fún wa ní Sátidé kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìlú òyìnbó, tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ wálé, ẹ mú àwọn ọmọ yín dání. Ẹni tó lè gbé kánópì kalẹ̀, ẹni tó lè ra omi, ẹni tó lè yá wa ní bọ́ọ̀sì, kó dáhùn lórí gúrúùpù rẹ̀ lónìí, kó má jẹ́ "ó dáa bẹ́ẹ̀" lásán.

Àwọn ọmọ méjì yẹn? Mo ní kí wọ́n gba nọ́ńbà ara wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo tún bá wọn ní pápá, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n jọ wà. Wọ́n ṣì ń jiyàn, àmọ́ èyí ti ń pe ìyẹn ní "ẹ̀gbọ́n".

Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ ara wọn lójú ayé wa.