Ìwé Tí A Ń Fi Etí Kà

Ìwé àfetígbọ́ ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí, ìyẹn ìwé tí ẹnìkan kà sínú ẹ̀rọ kí ẹlòmíràn lè fetí sí i. Kì í ṣe fóònù ló bí i. Láti 1935 ni àjọ àwọn afọ́jú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi ìwé tí a kà sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí àwọn tí kò ríran. Kásẹ́ẹ̀tì dé ní 1963. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Sony sì gbé Walkman jáde ní 1979, ènìyàn lè máa rìn lọ lójú títì kí ó máa gbọ́ ìwé.

Ní Ìlọrin, ohùn olórin dàdàkúàdà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Dàdàkúàdà, tí ó sọ Odòlayé Àrẹ̀mú àti Jáígbadé Àlàó di ìlúmọ̀ọ́ká, kì í ṣe orin ijó lásán: oríkì wà níbẹ̀, ìtàn wà níbẹ̀, èébú àti àwàdà kò sì gbẹ́yìn. Ẹni tó bá fara balẹ̀ gbọ́ àwo kan tán, ó ti ka ìwé kan. Odòlayé di olóògbé ní 1997, síbẹ̀ ohùn rẹ̀ wà lórí fóònù àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà náà.

Wíwá a gan-an ni iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá tẹ orúkọ Odòlayé sórí YouTube yóò rí ohùn náà; ohun tí kì í sábà rí ni ọdún tí a gbà á sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó gbé àwo jáde, àti nọ́ńbà ara àwo. Ẹlòmíràn á gé orin sí méjì, á sì sọ ọ́ ní orúkọ tó wù ú. Báwo ni olùkọ́ yóò ṣe tọ́ka sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Ó sàn kí a tẹ orúkọ náà láìsí àmì ohùn pẹ̀lú, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó gbé e síbẹ̀ ṣe ń kọ ọ́. Kí a sì wá ẹni tó ṣì ní àwo náà lọ́wọ́, kí a da ohun tí a tẹ̀ sára páálí rẹ̀ kọ. Àpilẹ̀kọ Abdul-Rasheed Na'Allah, tó jáde ní 1992, yóò la ọ̀nà fún ẹni tó fẹ́ mọ bí orin yìí àti ẹ̀sìn Ìsìláàmù ṣe ń bá ara wọn gbé ní ìlú náà.

Ní ti ìwé ìtàn àròsọ, òfin ló dí ọ̀nà. Láti 2005 ni LibriVox ti ń kó àwọn tí kì í gba owó jọ láti ka ìwé àtijọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ sì ni fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣé a lè ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ bẹ́ẹ̀? Rárá o. Oṣù Kejìlá 1963 ni Fágúnwà kú, òfin Nàìjíríà sì dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé fún 70 ọdún lẹ́yìn ọdún ikú rẹ̀. Kí 2034 tó dé, ẹni tó bá fẹ́ kà á fún gbogbo ayé gbọ́dọ̀ gba àṣẹ.

Ṣùgbọ́n òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti 2022 ṣí ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ fún àwọn afọ́jú: àjọ tí òfin fọwọ́ sí lè sọ ìwé di èyí tí wọ́n lè lò. Ilẹ̀kùn yìí wúlò fún Yorùbá ju bí a ti ń rò lọ. Ìwé tí a tẹ̀ láìsí àmì ohùn máa ń da ẹ̀rọ akàwé láàmú; igba, igbá àti ìgbà, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú rẹ̀. Ènìyàn tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ló yẹ kó kà á, irú wọn kò sì wọ́n ní Yunifásítì Ìlọrin, tí a dá sílẹ̀ ní 1975, àti ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ tó wà ní ìlú náà. Kí òǹkàwé kọ́kọ́ dárúkọ ìwé, òǹkọ̀wé, ara rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó ń kà á, kí ó tó ṣí ojú ewé kìíní. Kí a sì kọ àwọn orúkọ náà sára fáìlì, pẹ̀lú àmì ohùn àti láìsí i, kí ẹni tó ń wá a lè rí i.