Wíwọn Èjì: Bí A Ṣe Lè Mọ Àwọn Alájọṣe Tó Yẹ Kó Ṣojú Orílẹ̀-Èdè

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

 

Kò sí ẹni tó ti sáré fún ìpínlẹ̀ yìí rí tí kò mọ pápá ìṣeré Adó-Èkìtì. Orúkọ Olúyẹmí Káyọ̀dé ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi àwọn ọmọ iléèwé díẹ̀ léèrè ohun tí ọkùnrin náà ṣe, ọ̀pọ̀ wọn ní ó sáré, wọ́n sì dákẹ́ síbẹ̀. Òótọ́ ni, ó sáré. Ní Barcelona lọ́dún 1992, ó wọ àṣekágbá 200 mítà, ó ṣe ipò keje. Olápàdé Adéníkẹ̀ẹ́ ṣe ìkarùn-ún nínú eré yẹn kan náà, ó sì ṣe ìkẹfà nínú 100 mítà, níbi tí Davidson Ezinwa ti ṣe ìkẹjọ. Nínú eré tí oníkálukú ń dá sá, kò sí èyí tó gba àmì-ẹ̀yẹ kankan nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti Chidi Imoh jọ di ọ̀pá mú nínú eré rílè 4 x 100, wọ́n sá a ní ìṣẹ́jú-àáyá 37.98, wọ́n sì gba fàdákà. Amẹ́ríkà tó ṣáájú wọn ní láti sá 37.40, èyí tí kò sí ẹni tó sá irú rẹ̀ rí láyé nígbà náà. Káyọ̀dé kò pẹ́ láyé lẹ́yìn rẹ̀. Ìjàm̀bá ọkọ̀ ló pa á ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1994.

Fàdákà yẹn ni mo fẹ́ ká gbé yẹ̀ wò. Ibo ló ti wá? Bí ẹni tó ń yan ẹgbẹ́ bá wo ìwé èsì ti oníkálukú nìkan, kò lè rí i níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ro ó. Ká ní ẹni mẹ́rin ń sá 100 mítà ní 10.10 lọ́kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 40.40. Iye tí rílè fi dín sí àròpọ̀ yẹn wá láti ara ẹni kejì, ẹni kẹta àti ẹni kẹrin tó jẹ́ pé eré ni wọ́n ti ń sá kí ọ̀pá tó bá wọn, àti láti ara bí ọ̀pá ṣe kúrò lọ́wọ́ kan bọ́ sí òmíràn láìsí ìfàsẹ́yìn. Ìgbà mẹ́ta ni ọ̀pá ń pààrọ̀ ọwọ́ nínú eré náà, nítorí náà èjì mẹ́ta, ìyẹn ẹni tó ń fúnni ní ọ̀pá àti ẹni tó ń gbà á, ló wà nínú rẹ̀. Èjì wọ̀nyí ló yẹ ká máa yàn. Ṣùgbọ́n kí la máa ń ṣe? A ó to ọmọ mẹ́jọ sórí ìlà, a ó ní kí wọ́n sá 100 mítà, a ó mú mẹ́rin àkọ́kọ́, a ó sì ní ẹgbẹ́ ti pé.

Jàmáíkà ti fojú winá irú ìrònú yìí. Ní Beijing, lọ́dún 2008, àwọn obìnrin wọn gba wúrà àti fàdákà méjì nínú 100 mítà. Sherone Simpson àti Kerron Stewart ló pín fàdákà náà, àwọn méjèèjì sá 10.98 gẹ́lẹ́gẹ́lẹ́, kò sí ẹni tó lè fi irun kan yà wọ́n. Ìgbà tó kan àṣekágbá rílè, àárín àwọn méjì yìí gan-an ni ọ̀pá ti ṣòro, Jàmáíkà kò sì parí eré. Nàìjíríà, tí kò ní ẹnì kankan tó lè dá sáré bá àwọn wọ̀nyẹn, sá 43.04, ó gba bàbà. Lọ́dún 2016 ni wọ́n gba wúrà lọ́wọ́ Rọ́ṣíà nítorí oògùn tí wọ́n kà léèwọ̀, bàbà tiwa wá di fàdákà. Kò sí ẹni tó máa ní kí onílù omele lọ dá lù ní kọ̀rọ̀ kó tó mọ̀ bóyá yóò bá ìyáàlù mu, ṣùgbọ́n nínú eré ìdárayá, ohun tí à ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn.

Ẹ má bínú, mo fẹ́ mú yín lọ sídìí eré kan tí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, nítorí kò sí eré tí wọ́n ti jà sí ọ̀rọ̀ wíwọn èjì tó o. Bridge ni wọ́n ń pè é. Káàdì ni. Ẹni mẹ́rin ń ta á, 13 ló ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú káàdì 52, àwọn méjì tó kọjú síra ló sì jẹ́ ọ̀kan. Wọ́n á kọ́kọ́ ta ọwọ́ náà, ìyẹn káàdì tó kàn wọ́n, ní gbànjo: oníkálukú á máa pe iye tó rò pé òun àti ẹnìkejì òun lè jẹ, ohùn tó ga jù ni yóò sì di àdéhùn. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta káàdì, ìpè yìí náà ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n lè gbà sọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn fún ara wọn. Ẹni tó bá gbọ́n bí ìjàpá tí ẹnìkejì rẹ̀ kò mọ ohun tí ìpè rẹ̀ túmọ̀ sí, òfo ló ń ta.

Kí oríire káàdì má baà di olóyè, wọ́n máa ń pín ọwọ́ kan náà sórí tábìlì méjì. Ẹ̀yin jókòó sí apá kan níbí, àwọn ẹlẹgbẹ́ yín jókòó sí apá kejì lọ́hùn-ún. Bí ẹ bá pe ìpè ńlá tí ẹ sì mú un ṣẹ, kí ẹ gba 620, tí àwọn ọ̀tá yín lórí tábìlì kejì sì gba 170 pẹ̀lú káàdì kan náà, ìyàtọ̀ 450 ni, ìyẹn á sì di máàkì 10. Láti mọ èjì tó pegedé nínú ìdíje ńlá, wọ́n ń lo ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní Butler: wọ́n á wá àárín-gbùngbùn èsì gbogbo tábìlì lórí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì fi ti èjì kọ̀ọ̀kan wé e.

Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n balógun tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń fi èjì rẹ̀ tó le jù kọjú sí ọ̀tá tó le jù, á sì jẹ́ kí àwọn tí kò tó bẹ́ẹ̀ bá aláìlera ta. Níkẹyìn, máàkì àwọn wọ̀nyí lè ga ju ti àwọn akọni lọ. Ohun kejì ni oríire, ìṣirò rẹ̀ sì ni iṣẹ́ tèmi, nítorí náà ẹ gbà mí láàyè díẹ̀. Ká ní ìyàtọ̀ tòótọ́ láàárín èjì méjì jẹ́ 0.3 máàkì lórí ọwọ́ kan, tí oríire sì ń gbé èsì ọwọ́ kan sókè sódò ní bíi 5. Lẹ́yìn ọwọ́ 100, oríire ṣì lè gbé àárín-gbùngbùn náà kúrò níbi tó yẹ kó wà ní 0.5. Ariwo ju ọ̀rọ̀ lọ nìyẹn. Ó di ìgbà tí wọ́n bá ta ju ọwọ́ 1,000 lọ kí ariwo tó lọ sílẹ̀ sí 0.15, kí a tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀. Òpin ọ̀sẹ̀ kan ni àwọn àjọ kan máa ń fi ṣe ìdánwò ìyàn. Ẹni tí oríire gbé ní ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́.

Ìdíje àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Bermuda Bowl bẹ̀rẹ̀ ní 1950. Láàárín 1957 àti 1969, ìgbà 10 ni wọ́n ta á, Ítálì ló sì gbà á ní ìgbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Balógun wọn fún ọ̀pọ̀ nínú ọdún wọ̀nyẹn, Carl'Alberto Perroux, agbẹjọ́rò ni. Òun fúnra rẹ̀ kì í jókòó ta káàdì. Ó ní èjì tó ti mọ ara wọn, tí èjì kọ̀ọ̀kan ní èdè ìpè tirẹ̀, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ pọ̀ láti ọdún dé ọdún. Amẹ́ríkà ní tiwọn gba ọ̀nà mìíràn ní 1960 sí 1969: fún ọ̀pọ̀ nínú ọdún wọ̀nyẹn, ìdánwò èjì ni wọ́n ń ṣe, wọn a mú èjì mẹ́ta tó bá ṣáájú, wọn a sì pè wọ́n ní ẹgbẹ́. Wọ́n ń fìdí rẹmi. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ kò fara sin: èjì tó mọ bí a ṣe ń jẹ àwọn òpè lójú lè gbégbá orókè nínú ìdánwò, kí àwọn ará Ítálì sì fọ́ wọn túútúú. Nígbà tó yá, wọ́n pa ọ̀nà yẹn tì, wọ́n ní kí odindi ẹgbẹ́ máa bá odindi ẹgbẹ́ figa gbága.

Ní 1968, oníṣòwò kan ní Dallas, Ira Corn, kó àwọn ọ̀dọ́ ọlọ́gbọ́n jọ, ó ń san owó oṣù fún wọn kí wọ́n lè fi káàdì ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Ó fi Joe Musumeci, tó ti ṣe ológun òfuurufú, ṣe olùdarí wọn. Ohun tí mo gba tiwọn fún ni pé wọ́n ń kọ àṣìṣe sílẹ̀, pé wọ́n ń jókòó tú u palẹ̀, tí wọ́n sì ń wo bóyá ti ẹnì kan ni tàbí ti àárín méjì. Wọ́n gba ife àgbáyé ní 1970 àti 1971. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín: àwọn àgbà Ítálì ti fẹ̀yìn tì nígbà náà. Ìgbà tí wọ́n padà wá ní 1972, wọ́n na àwọn ọmọ Dallas nínú Òlíńpíìkì bridge.

Oríire kò sì fi àwọn àgbà sílẹ̀. Ní àṣekágbá Bermuda Bowl ọdún 1975, lórí ọwọ́ 92 nínú 96, Giorgio Belladonna àti Benito Garozzo ti Ítálì, tí ọ̀pọ̀ gbà pé èjì tó dára jù láyé ni wọ́n, ṣi ara wọn gbọ́, wọ́n pe ìpè tó ga ju agbára ọwọ́ wọn lọ. Ọba káàdì tí wọn kò ní wà níbi tó lè gbà wọ́n, wọ́n sì gba ife náà. Ẹni tó bá ka èsì ọwọ́ yẹn lásán yóò kọ ọ́ pé wọ́n ṣe dáadáa. Ẹni tó bá jókòó tì wọ́n á kọ nǹkan mìíràn.

Bákan náà, èjì tó ń borí jù lè jẹ́ èjì tó yẹ ká wò dáadáa. Ní Buenos Aires lọ́dún 1965, wọ́n fẹ̀sùn kan Terence Reese àti Boris Schapiro ti Bìrìtìkó pé wọ́n ń fi ìka ọwọ́ sọ iye káàdì fún ara wọn. Àjọ àgbáyé dá wọn lẹ́bi. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí wọ́n gbé kalẹ̀ nílé dá wọn láre lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Títí dòní àwọn ènìyàn ṣì ń jiyàn. Ọdún 1975 yẹn náà ni wọ́n kọ́kọ́ fi pátákó dá ojú àwọn alájọta níyà nínú Bermuda Bowl, kí ẹnikẹ́ni má lè máa wojú ẹnìkejì rẹ̀. Kíá ni wọ́n tún fẹ̀sùn kan àwọn méjì kan pé wọ́n ń fi ẹsẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ara wọn, ni wọ́n bá fi pátákó dínà abẹ́ tábìlì pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ní tẹníìsì orí tábìlì, tí àwa Yorùbá mọ̀ dunjú láti ìgbà Àtàńdá Musa dé ti Ṣẹ́gun Tóríọlá àti Kádírì Àrùnà, òfin ní kí àwọn méjì máa gba bọ́ọ̀lù ní ẹyọ ẹyọ, ìwọ lónìí, èmi lọ́la. Nítorí náà, ẹni tó ń lo ọwọ́ òsì àti ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún kì í sábà dínà mọ́ ara wọn. Chen Qi, ọlọ́wọ́ òsì, àti Ma Lin ló gba wúrà fún Ṣáínà ní Athens ní 2004. Agbára wọn kò sí nínú ipò tí a to oníkálukú sí nìkan.

Ìmọ̀ràn mi fún àwọn olùkọ́ eré ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Ọ̀rùn àti Ẹ̀múrẹ́ kò ní ná yín lówó. Ẹ pààrọ̀ ohun tí ẹ ń wọn. Ẹ má wọn ọmọ nìkan. Ẹ wọn ọ̀pá. Kí aago bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀pá bá wọ ìlà àkọ́kọ́ àyè ìpààrọ̀ 30 mítà, kó dúró nígbà tó bá jáde. Kí ẹ sì yí àwọn ọmọ ká. Ká ní Àjàyí gbé ọ̀pá fún Bọ́lá ní 3.10, ó gbé e fún Kọ́lá ní 3.30. Dàda gbé e fún Bọ́lá ní 3.30, ó gbé e fún Kọ́lá ní 3.10. Bí ẹ bá wá àárín-gbùngbùn ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, 3.20 ni gbogbo wọn, ẹ ó sì ní kò sí ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa Àjàyí pọ̀ mọ́ Kọ́lá ti fi ìdá márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣòfò. Ní Barcelona, irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ìbá ti tó láti gba àmì-ẹ̀yẹ lọ́rùn ènìyàn.

Ẹ ṣe é léraléra, ní ọjọ́ òjò àti ọjọ́ oòrùn, jákèjádò sáà kan, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí ìdíje ku ọ̀la. Ẹ kọ orúkọ àwọn méjì sórí ìlà kan náà nínú ìwé. Tí àjọ eré ìdárayá ìpínlẹ̀ bá sì béèrè ọmọ mẹ́rin lọ́wọ́ yín, ìwé náà ni kí ẹ kọ́kọ́ fi lé wọn lọ́wọ́. Ìbéèrè yín ló kù. Mo rí ọ̀gá kan lẹ́yìn tó ti na ọwọ́ tipẹ́. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.