Ilé Àwọn Tí Kò Nílé: Ìtàn Ẹgbẹ́ Camphill

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òtítọ́ ni òwe náà. Síbẹ̀, ìtàn tí ó wà níwájú ẹ̀yin òǹwòran lónìí jẹ́ ti àwọn tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn, tí wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní àkókò tí àwọn fúnra wọn kò ní ilé tí wọn yóò fi orí pamọ́ sí.

Ní ìlú Vienna, olú ìlú Ọ́sítríà, ni a bí Karl König sí ní ọdún 1902. Júù ni àwọn òbí rẹ̀, òun nìkan ṣoṣo ni wọ́n sì bí. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn yanjú ní ìlú náà. Ní ọdún 1927, ó lọ ṣiṣẹ́ ní Arlesheim ní ilẹ̀ Swítsáláǹdì, níbi tí Dókítà Ita Wegman ti ń tọ́jú àwọn aláìsàn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ Rudolf Steiner. Nígbà tí ọdún Kérésìmesì ń súnmọ́lé, ó rí àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn kò dàgbà tó ti ẹgbẹ́ wọn, àwọn tí aráyé ń pè ní dìndìnrìn, tí olúkúlùkù wọn gbé àbẹ́là lọ tàn, tí ó sì gbé iná tirẹ̀ sílẹ̀ láàárín ewé tútù. Ọjọ́ náà ni ó pinnu pé iṣẹ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí ni òun yóò fi ayé òun ṣe.

Ní oṣù kẹta ọdún 1938, ìjọba Hitler gba ilẹ̀ Ọ́sítríà. Ewu bá gbogbo Júù. König àti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń bá a kẹ́kọ̀ọ́ fọ́n ká. Ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì ni ó gbà á. Tọkọtaya kan, Haughton ni orúkọ wọn, yọ̀ọ̀da ilé àtijọ́ kan tí ń jẹ́ Kirkton House, ní agbègbè Aberdeen. Níbẹ̀ ni òun, Tilla ìyàwó rẹ̀, àti díẹ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ náà ti tún kóra jọ ní ọdún 1939, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọmọ.

Ó yẹ kí á fi ojú inú wo ọdún náà dáadáa. Ní ọdún 1939 kan náà, Hitler fọwọ́ sí ìwé tí ó fún àwọn dókítà láṣẹ láti pa àwọn tí a kà sí aláìwúlò, àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé sì wà lára wọn. Àmì tí dókítà fi gègé fà sórí ìwé ni ó ń sọ ẹni tí yóò kú. Kí oṣù kẹjọ ọdún 1941 tó parí, àwọn tí a ti fi afẹ́fẹ́ olóró pa lé ní 70,000. Àwọn tí ìjọba yẹn lé jáde ni wọ́n ń bọ́ irú àwọn ọmọ tí ìjọba yẹn ń pa.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1940, wàhálà mìíràn dé. Ogun ti bẹ̀rẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ka ẹnikẹ́ni tí ó ti ilẹ̀ Jámánì tàbí Ọ́sítríà wá sí ọ̀tá. Wọ́n kó àwọn ọkùnrin ilé náà lọ sí àgọ́ ìhámọ́ ní erékùṣù Man. Gbogbo wọn ti ń gbèrò láti kó lọ sí ilẹ̀ kan tí ń jẹ́ Camphill, lẹ́bàá odò Dee. Ta ni yóò wá kó wọn lọ? Àwọn obìnrin kò dúró de ọkọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, wọ́n kó ọmọ, wọ́n kó ẹrù, wọ́n ṣí lọ sí Camphill. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà ti gba orúkọ.

Ní Bìrìtéènì ìgbà náà, ilé ìwòsàn ńláńlá ni a ń kó irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ sí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn lábẹ́ òrùlé kan. Ti Camphill yàtọ̀. Òṣìṣẹ́ kò gba owó oṣù. Ohun tí olúkúlùkù nílò ni a ń fún un. Wọ́n ń bá àwọn ọmọ gbé inú ilé kan, wọ́n sì ń bá wọn jẹun lórí tábìlì kan. Lẹ́yìn ogun, ọmọ òṣìṣẹ́ àti ọmọ tí a ń tọ́jú jọ ń jókòó ní kíláàsì kan náà. Ọdún 1974 ni òfin Skọ́tíláǹdì tó wá sọ pé kò sí ọmọ kankan tí a lè pè ní aláìlèkọ́ mọ́.

Ọmọdé kì í sì í ṣe ọmọdé títí. Àwọn òbí ń béèrè ohun tí yóò gbẹ̀yìn àwọn tí ó ti dàgbà. Nítorí èyí ni wọ́n fi dá abúlé Botton sílẹ̀ ní Yorkshire ní ọdún 1955, níbi tí àgbàlagbà ti ń dáko, tí wọ́n ń sin màlúù, tí wọ́n sì ń ṣe búrẹ́dì. König kú ní ọdún 1966; ṣùgbọ́n àwùjọ Camphill ti lé ní 100 báyìí, ní orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 20, títí dé Gúúsù Áfíríkà àti Botswana.

Ọ̀nà náà kò ṣàì ní gbọ́nmi-si-omi-ò-to. Ní nǹkan bí ọdún 2014, àwọn alábòójútó Botton pinnu pé òṣìṣẹ́ tí ń gba owó oṣù ni yóò máa ṣe ìtọ́jú. Wọ́n ní òfin àti ààbò àwọn tí a ń tọ́jú ni ó béèrè bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn dáhùn pé bí a bá sọ ẹni tí à ń bá gbé di oníbàárà, a ti fọ́ ilé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́, abúlé náà sì pín sí méjì.

Ìhà méjèèjì ní ẹjọ́ rò. Ìfẹ́ tí kò sí ẹni tí ń yẹ̀ ẹ́ wò lè di ìnilára. Ìtọ́jú tí ó sì ń parí ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kò tíì di ilé. Àwa náà ní irú àwọn ọmọ wọ̀nyí láàárín wa, ọ̀pọ̀ wọn sì wà ní ìyẹ̀wù tí àlejò kì í dé. Kí ìjíròrò lórí owó àti ilé tó bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn tí ó jókòó níhìn-ín, ìbéèrè tí Camphill kọ́kọ́ dáhùn ní ọdún 1940 ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ dáhùn: nígbà tí oúnjẹ bá délẹ̀, níbo ni ọmọ náà yóò jókòó sí?