Ta Ló Ń Yan Gómìnà fún Wa?

Láti 1999 tí Bọ́lá Tinúbú ti wọlé, agbo kan náà ló ń ṣe gómìnà l'Ékòó. Aṣọ ni wọ́n kàn ń pààrọ̀: AD, AC, ACN, kó tó di APC ní 2013. Àwa ará Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò ń tò nínú oòrùn láti dìbò. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Ambode: orí oyè ló wà tó fi pàdánù ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2018, kí ìbò gbogbogbò tó dé. Ṣé ẹ̀yin lẹ yọ ọ́? Àfi ẹni tó bá ní káàdì ẹgbẹ́. Èmi ò ní in. Nítorí náà, bí gọ́tà àdúgbò yín bá dí, ìgbà ìbò abẹ́lé ni kẹ́ ẹ ti ké sí wọn.