Ẹ̀kọ́ Tí A Fi Òótọ́ Kọ́ Kì Í Ṣòfò

 

Ẹ̀yin ọmọ, a máa ń bi yín léèrè iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe bí ẹ bá dàgbà. Bí ẹ bá yí ìdáhùn yín padà, ojú òbí a máa faro. Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ kí a gbé ìtàn Francis William Aston yẹ̀ wò, ẹni tí a bí ní Harborne, ní ẹ̀bá Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń gbé yìí, ní ọdún 1877.

Kẹ́mísírì ni ó kọ́kọ́ kọ́, ó sì fi í ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta ní ilé-iṣẹ́ ìpọntí kan. Nílé, ó ń kọ́ ara rẹ̀ bí a ti ń fẹ́ gíláàsì gbígbóná di ìgò, ó sì ń ṣe ẹ̀rọ tí ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú ìgò náà. Ní ọdún 1903 ó padà sí yunifásítì, ó kọjú sí físíìsì. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní ó ti fi ọdún wọ̀nyẹn ṣòfò.

Ní ọdún 1910 ó lọ sí Cambridge láti ran ọ̀jọ̀gbọ́n J. J. Thomson lọ́wọ́. Ìṣòro kan wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti wọn átọ̀mù afẹ́fẹ́ tí à ń pè ní neon, wọ́n rí 20.2. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀rọ Thomson, ilà méjì ni ó yọ: ọ̀kan ní 20, èkejì ní 22. Ṣé ohun kan ni neon ni, tàbí méjì?

Ogun Àgbáyé Kìíní dá iṣẹ́ náà dúró. Nígbà tí ó parí, Aston kan ẹ̀rọ tuntun ní ọdún 1919. Ẹ rántí bí ìyá àgbà ti ń fẹ́ ẹ̀wà nínú atẹ: ìyàngbò tí ó fúyẹ́ a fò jìnnà, ẹ̀wà a bọ́ sí ìtòsí. Bẹ́ẹ̀ ni agbára iná mànàmáná àti òòfà ti ń ya átọ̀mù tí ó fúyẹ́ kúrò lára èyí tí ó wúwo, tí olúkúlùkù sì ń fi àmì tirẹ̀ sí orí àwo fótò. Ìgò tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde ni iṣẹ́ náà ń béèrè. Ọwọ́ tí ó ti kọ́ gíláàsì nílé mọ ọ̀nà rẹ̀.

Ìbejì ni neon! Aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀, ìwọ̀n wọn ni ó yàtọ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá mi ṣírò: nínú átọ̀mù 10, bí 9 bá wọ̀n 20, tí 1 sì wọ̀n 22, àpapọ̀ wọn jẹ́ 202. Ẹ pín in sí 10, ẹ ó rí 20.2. Ìdá kékeré tí ẹlòmíràn ìbá fojú fò ni ó gbé àṣírí náà pamọ́.

Ẹ̀rọ físíìsì ni ó lò, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì ni a fi dá a lọ́lá ní ọdún 1922. Kí ó tó kú ní 1945, ó ti ṣàwárí irú àwọn ìbejì bẹ́ẹ̀ tí ó lé ní igba.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ rántí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí agbẹ̀bí gbà ní gìgísẹ̀ ọmọ yín nígbà tí ó pé bí ọjọ́ márùn-ún. Irú-ọmọ ẹ̀rọ Aston ni wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò, kí a lè tètè mọ àwọn àrùn kan tí ìbá ba ìkókó jẹ́ kí a tó fura.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá yí ọ̀nà padà, ẹ má ṣe yára pè é ní aláìnípinnu. Ẹ bi í pé, “Ǹjẹ́ o kọ́ ti àná dáadáa?” Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi òótọ́ ṣe èyí tí ó wà lọ́wọ́ yín, kékeré ìbáà jẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí Olúwa fi ìbùkún sí ọgbọ́n yín. Àmín.