Ẹ̀rọ Tó Ka Ẹnì Kan ní Mẹ́ta
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ ọdọọdún wa)

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ìwé ìròyìn tí mo ń ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kékeré kan ni mo gbé wá, torí ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn.

Ẹ ó rántí ẹ̀rọ tó ń ka èèyàn, tí mo ṣe ní 2003 nígbà tí a wà ní SS2. Mo wọ dánfó láti Ojúẹlẹ́gba dé Mile 2, mo tún wọ òmíràn dé ọjà Alábà, mo ra IC mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní CD4026. Ọ̀kan nínú wọn ń ka òdo dé mẹ́sàn-án, òun náà ló sì ń tan ìlà iná pupa méje tó ń di nọ́ńbà. Bó bá ti ka mẹ́wàá pé, ẹsẹ̀ rẹ̀ karùn-ún á ta èyí tó tẹ̀ lé e lólobó pé kó ka ọ̀kan. Mẹ́ta tí mo so pọ̀ lè kà dé 999. Mo sódà wọn sórí Veroboard, mo fi bátìrì volt 9 sí i, torí ẹ ṣáà mọ NEPA ìgbà yẹn. Mo wá so bọ́tìnnì kan mọ́ ẹsẹ̀ kìn-ín-ní. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi, orí mi sì wú.

Lọ́jọ́ tí a fi fíìmù kówó jọ, ₦20 ni owó ìwọlé. Mo jókòó ti ẹ̀rọ mi lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rẹ́ wa tó jẹ́ akápò ń gba owó. Ó kó ₦2,600 kalẹ̀, owó èèyàn 130. Ẹ̀rọ mi ní èèyàn 312 ló wọlé. Wọ́n ní ₦3,640 ti wọ àpò ọmọ yẹn. Ó búra, ó sunkún. Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n lé e lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Títí a fi jáde, "Ẹgbẹ̀rún Mẹ́ta" ni a ń pè é. Èmi náà pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ o: àga 150 ló wà nínú gbọ̀ngàn yẹn, ẹnikẹ́ni ò sì dúró. Kò sẹ́ni tó ka àga. Ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀, ta ni yóò tún gbọ́ tèèyàn?

Ní 2006, mo wà ní Yaba College of Technology. Olùkọ́ kan so bọ́tìnnì mọ́ oscilloscope kí a lè rí bí iná ṣe ń wọlé. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo rò pé ẹ̀ẹ̀kan ni iná máa yọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló yọ! Ó ní irin inú bọ́tìnnì máa ń ta bíi bọ́ọ̀lù tó já bọ́ sórí sìmẹ́ńtì, kí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá tó pé. Ojú wa ò lè rí i, ṣùgbọ́n IC rí gbogbo rẹ̀, ó sì ń kà á. Àyà mi já. Mo délé ní Mushin, mo yọ ẹ̀rọ àtijọ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo tẹ̀ ẹ́ lógún ìgbà. Ó kọ 49.

Àtúnṣe rẹ̀ ò tó nǹkan. IC 555, tí Hans Camenzind ṣe fún ilé-iṣẹ́ Signetics ní Amẹ́ríkà ní 1971, ni èèyàn máa fi sáàárín bọ́tìnnì àti ẹ̀rọ. Bí resistor 470 kilohm àti capacitor 1 microfarad bá wà lára rẹ̀, tó bá ti gbọ́ ìkínní, á kọ etí ikún sí ìyókù fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá. Mo ṣe é, mo tún tẹ̀ ẹ́ lógún ìgbà. Ó kọ 20.

Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ wa kò jalè. Mi ò sọ fẹ́nì kankan. Ojú ń tì mí, ọdún sì ń gorí ọdún. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bi àwọn aláṣẹ pé níbo ni wọ́n ti rí iye tí wọ́n ń pè, àmọ́ mi ò bi ara mi.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Lóṣù tó kọjá, mo lọ bá a nílé. Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó ní, "Ìyá mi ta aṣọ òkè rẹ̀ láti san owó yẹn." Ìyá náà ti lọ. Òun ló ní kí n sọ ọ́ lójú gbogbo yín, ó sì wà lórí ìjókòó níbí.

Ẹ̀bẹ̀ méjì ni mo bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ yìí kọ̀wé sí ilé-ìwé wa, kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ìjìyà. Èkejì, ẹ jẹ́ ká ra àpótí irinṣẹ́ kan fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ Physics, ká sì lẹ ìwé mọ́ ìdérí rẹ̀ pé: "Tẹ̀ ẹ́ lógún ìgbà. Bí kò bá kọ 20, má fi ka èèyàn." Owó aṣọ ìyá wa, èmi ni n ó san án.

Ọ̀rẹ́ mi, má bínú.