Olú-ìlú Mẹ́ta tí Bràsílì Ti Ní

Orílẹ̀-èdè Bràsílì ni ó tóbi jù lọ ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ilẹ̀ rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 8.5 kìlómítà níbùú-lóòró, débi pé nínú gbogbo orílẹ̀-èdè agbègbè náà, Chile àti Ecuador nìkan ni kò bá a pààlà. Ìkànìyàn ọdún 2022 fi hàn pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 203, èdè Potogí sì ni èdè ìjọba wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni olú-ìlú rẹ̀ ti ṣí nípò, ẹni tó bá sì mọ ìdí tó fi ṣí ti mọ púpọ̀ nínú ìtàn ilẹ̀ náà.

Ní ọdún 1549 ni àwọn Potogí tẹ Salvador dó ní Bahia, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn, ó sì di olú-ìlú àkọ́kọ́, nítorí pé inú oko ìrèké tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà ni ọrọ̀ wọn wà nígbà náà. Nítorí oko yìí, àti ibi ìwakùsà tó tẹ̀ lé e, ni wọ́n ṣe kó àwọn ọmọ Áfíríkà tó sún mọ́ mílíọ̀nù márùn-ún lẹ́rú lọ síbẹ̀, iye tí kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó gbà tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń tú, tí ogun sì ń jà kárí ilẹ̀ Yorùbá, ogunlọ́gọ̀ ọmọ Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Nàgó níbẹ̀, bá ara wọn ní Bahia. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí ààrin wọn ṣáájú ìdìtẹ̀ kan ní Salvador. Ìjọba borí wọn, ó sì lé ọ̀pọ̀ ènìyàn padà sí Áfíríkà, wọ́n sì wà lára àwọn tí a mọ̀ sí Àgùdà ní Èkó àti ní etíkun Benin. Àwọn tó kù kò jẹ́ kí ìṣe ilé parun: títí di òní ni àwọn obìnrin aláṣọ funfun ń fi epo pupa dín àkàrà tà ní ìgboro Salvador, ilé òrìṣà Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1910, sì wà níbẹ̀.

Wúrà tí wọ́n rí ní Minas Gerais ló gbé olú-ìlú lọ sí Rio de Janeiro ní 1763, torí pé èbúté ibẹ̀ ni wúrà náà ń gbà jáde. Bràsílì gba òmìnira ní ọjọ́ 7, oṣù kẹsàn-án, 1822, ṣùgbọ́n ọjọ́ 13, oṣù karùn-ún, 1888 ni òfin tó fòpin sí oko ẹrú tó jáde, lẹ́yìn gbogbo orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà yòókù. Òfin náà kò fún àwọn tó dòmìnira ní ilẹ̀ tàbí owó, ìwà àìdáa ńlá gbáà sì ni èyí jẹ́ sí àwọn tó fi òógùn wọn kọ́ ilẹ̀ náà.

Ààrẹ Juscelino Kubitschek ló kọ́ olú-ìlú kẹta, Brasília, tí wọ́n ṣí ní 1960, kí àwọn ènìyàn tó há sí etíkun lè tàn wọ àárín ilẹ̀. Agbègbè náà ti di oko sóyà ńlá báyìí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ sì ń gé igbó Amazon lulẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ṣí Brasília ni àwọn ológun gba ìjọba, wọ́n sì ṣe é láti 1964 sí 1985. Lẹ́yìn tí ìjọba ológun parí, òfin orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe ní 1988 ló tó wá sọ pé ilẹ̀ tí àwọn ará quilombo ń gbé, ìyẹn àwọn abúlé tí ẹrú tó sá àsálà tẹ̀ dó, jẹ́ tiwọn, kí ìjọba sì fún wọn ní ìwé rẹ̀. Ìkànìyàn 2022, tó kọ́kọ́ kà wọ́n sọ́tọ̀, rí i pé wọ́n lé ní mílíọ̀nù 1.3, púpọ̀ jù lọ nínú wọn ni kò sì tíì rí ìwé ilẹ̀ náà gbà.